Ìgbà Tí A Ti Goda Pa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹwàá

Òjò rọ̀ sí pápá Goda lánàá. Goda nìkan. A dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, à ń wò ó bó ṣe ṣú dúdú lókèèrè, kò sì wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti Gumato tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gun alùpùpù lọ wò ó. Mo ti ọwọ́ bọ ilẹ̀, ó tutù dé ọrùn ọwọ́ mi. Gumato bu omi tó wà nínú ihò àpáta, ó dà á sójú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ń wò ó. Ó yẹ kí inú èmi náà dùn.

Bí a ṣe padà dé, Bàbá pe àwọn àgbà jọ sábẹ́ igi. Ìpàdé náà kò pẹ́ rárá. Wọ́n ti Goda pa, Bàbá ló kéde rẹ̀. Ẹran kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí koríko yóò fi so tí èso rẹ̀ yóò sì bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kó ẹran wọ ibẹ̀ ṣáájú, wọn yóò mú ràkúnmí kan tó ń fún wàrà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò pa á, ìlú yóò sì jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe fún Wato lọ́dún tó kọjá nìyẹn, Bàbá fúnra rẹ̀ ló sì dá ẹjọ́ ọ̀hún.

Èmi ni màá máa lọ wo koríko, màá sì máa wá jíṣẹ́ fún wọn. Bàbá Ibrae, ọ̀kan nínú àwọn àgbà, ní, "Darmi, ojú ẹ ni gbogbo wa fi ń ríran o. Má lọ sùn síbẹ̀." Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹwàá

A gbé àwọn àgò wáyà dé àyè wọn, kí ehoro àti egbin má baà jẹ ohun tó wà lábẹ́ wọn. A na okùn láti òkúta funfun dé igi ẹ̀gún tó dá wà, a sì rin ìlà náà bí a ṣe máa ń rìn ín láti ka koríko. Gumato á sọ ọ̀pá kalẹ̀, á pe orúkọ ohun tí ẹnu ọ̀pá kàn, èmi á kọ ọ́. Ilẹ̀ lásán. Ilẹ̀ lásán. Òkúta. Ilẹ̀ lásán. Ìgbẹ́ ràkúnmí àtijọ́. Ilẹ̀ lásán. Kùkùté koríko. Ilẹ̀ lásán.

Nígbà tó yá ó sọ ọ́ dorin. Mo ní kó dákẹ́, mi ò fẹ́ kí orin náà wọ̀ mí lórí.

"Ìwọ Darmi yìí," ló wí, "tí mo bá sọ ọ̀pá yìí lu àyà ẹ, ilẹ̀ lásán náà ni màá pè."

Mo rẹ́rìn-ín, torí ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú ràkúnmí Bàbá kò dìde láàárọ̀ yìí. Ó ku Dimtu àti ọmọ rẹ̀, abo kan tí kò bímọ rí, àti akọ arúgbó tí ó ti ń ru ẹrù ilé wa láti ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ màmá mi. Dimtu nìkan ló ń fún wàrà. Ohun tó ń fún kò kún ife méjì, ọmọ rẹ̀ á sì ti mu tirẹ̀. Wàrà yẹn ni Bàbá fi ń gbé ẹ̀mí ró. Látìgbà tí inú ti ń dà á láàmú, bó bá jẹ ùgálì, òkèlè àgbàdo wa, á bì í.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí ọjà Kalacha. Ṣúgà ti tún gbówó lórí. Oníṣòwò ràkúnmí kan láti Moyale rí mi, ó ní òun gbọ́ pé Bàbá ní akọ arúgbó kan, ó sì pe iye tí wọ́n ń ra ewúrẹ́. Mo délé, mo jíṣẹ́ fún Bàbá.

"Kí ló ní kí o sọ fún mi?"

Mo tún un sọ.

"Tó o bá tún rí i, bá mi kí i," ni Bàbá wí, ó sì yíjú padà.

Àwọn ará ọ́fíìsì ní Marsabit, tí èmi àti Gumato ń bá ṣiṣẹ́, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún fọ́tò Goda yà, pé èyí tí mo fi ránṣẹ́ kò ní nǹkan kan nínú. Mo fèsì pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹwàá

Ó ti yọ. Bí a bá dúró lórí rẹ̀ a ò lè rí i, àfi ká bẹ̀rẹ̀ ká wò ó láti ẹ̀gbẹ́, nígbà náà gbogbo ilẹ̀ á dà bí orí ọmọ tuntun tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù sí. Gumato dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ikùn kó lè rí i. Ó ní òun ti gbàgbé bí àwọ̀ yẹn ṣe máa ń rí.

Ìgbà òjò mẹ́ta ti kọjá láìsí òjò. Gbòǹgbò koríko yìí kò lókun mọ́. Bí ẹran bá jẹ ẹ́ kó tó so, kì yóò tún hù, kò sì sí èso nílẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pápá kan wà níhà gúúsù tí a ń pè ní Bura. Kò sẹ́ni tó ti í pa. Òkúta ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ wa rò pé bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹwàá

Afẹ́fẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Eruku wọ inú tíì. A mu ún bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo fọ aṣọ, mo lọ pọn omi. Kò sí ilé kan ní àgọ́ wa tó ń kó ràkúnmí lọ sí pápá tuntun ní Ìṣẹ́gun, èèwọ̀ ni. Bí pápá tó wà níbẹ̀ tán, a ó dúró di Ọjọ́rú. Bí omi tán, bákan náà. Mi ò tíì rí ẹni tó dán an wò. Àwọn ará ibòmíràn tí kò ka Ìṣẹ́gun sí nǹkan kan ti kó ẹran wọn gba ọ̀nà Etiópíà lọ láti oṣù kẹjọ. Nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò wọ Goda lónìí, kò sì sí ìdí tí èmi àti Gumato fi ní láti lọ síbẹ̀.

"Àwọn olè pàápàá ń sinmi lónìí," ni Gumato wí létí kànga. "Jẹ́ ká jókòó, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

A jókòó. Ó ń fi omi ra ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹwàá

Orge, àbúrò mi, kó àwọn ràkúnmí dé láti ìhà òkè. Ó ti rù débi pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń já bọ́ sí àyà. Kò tíì mu omi tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, koríko yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òórùn ẹ̀ ń bá wa lẹ́yìn òkè. Gbogbo wọn á kàn dúró, wọ́n á kọjú síbẹ̀, imú wọn á máa gbọ̀n. Ẹ ti na ràkúnmí tó ń wo oúnjẹ rí?"

"Ó ṣì ku bí oṣù kan."

"Oṣù kan! Ẹ kúkú ní kó di ìgbà tí mo bá hu ewú."

"Èmi kọ́ ló ti í pa."

"Mo mọ ẹni tó ti í pa." Ó wo ibi tí Bàbá jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sáà ń wò ó. Ẹ rí ọwọ́ ẹ̀? Tí Dimtu bá gbẹ, kí la máa fún un? Fọ́tò koríko?"

Mo bu omi fún un. Ó mu ún, ó sì lọ tú ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ Dimtu, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹwàá

Abo tí kò bímọ rí ti kú. A yọ awọ rẹ̀. Kò sí ẹran lára rẹ̀ tó tó pín.

Bàbá bi mí bóyá ó dùn mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú lọ́dún tó kọjá tí mo sì padà wá kọ́ ilé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá, nǹkan kì í dùn mí bó ṣe yẹ. Mo ń rí i, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá, tó jí, tí apá náà ò jẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹwàá

Wato yà lọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa ràkúnmí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni kò ti bá Bàbá jókòó mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kí mi. Mo fún un ní tíì dúdú. Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ti ń so?"

"Ó ti ń yọ orí. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ó yí ife náà lọ́wọ́. "Tèmi méjì ló kú lánàá. Ìyàwó mi ní ká kó èyí tó kù wọ Goda, ká jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀kan, kí èyí tó kù yó. Mo ní ó mọ ìṣirò gan-an."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kó wọn gba òdìkejì. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó mi, Darmi. Ojú tí mo rí lọ́dún yẹn, mi ò fẹ́ rí i mọ́." Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Bó bá ti gbó, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, jọ̀wọ́."

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹwàá

Akọ arúgbó kú létí kànga, pẹ̀lú omi lẹ́nu. Mo lọ sí Goda lẹ́yìn ìyẹn. Mo já orí koríko kan, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, omi funfun jáde. Kò tíì gbó. Mo kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kọkànlá

Ara ọmọ Gumato ń gbóná, nítorí náà mo dá lọ.

Àgò mẹ́ta ti dojú dé. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo sì rí i pé wọ́n ti jẹ koríko láti ẹ̀bá igi ẹ̀gún títí dé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdí. Níbòmíràn, wọ́n fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ.

Ojú ẹsẹ̀ ràkúnmí méjì ni, ńlá kan, kékeré kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì èyí tó tóbi wọ́ sínú. Kò sí ẹni tó wà ní àgọ́ wa tí kò mọ ẹsẹ̀ yẹn. Ìgbà tí Dimtu wà ní kékeré ló já sínú kòtò kànga, Bàbá ló sì fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú bàtà Orge, bàtà táyà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sáré. Ó rìn bí ẹni tó ń mú ẹran rẹ̀ lọ jẹ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ pa àkọ́kọ́ rẹ́. Mo pa ìkejì. Mo pa á rẹ́ títí tí mo fi gbójú sókè, tí mo rí i pé wọ́n ṣì lọ títí dé ìdí òkè. Mo jókòó sílẹ̀. Kì í ṣe koríko ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Ọjọ́ ni. Afẹ́fẹ́ kò tíì bo ojú ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, àná ni wọ́n wá. Àná sì jẹ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọmọ Bonaya, bàbá wa, ṣí ràkúnmí ní Ìṣẹ́gun, ǹ bá gbá a létí.

Lẹ́yìn náà mo dìde, mo na okùn, mo rin ìlà. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ibi tí wọ́n ti jẹ, mo kọ ilẹ̀ lásán.

Nígbà tí mo délé, Orge ti fún wàrà. Tíì Bàbá funfun bí kò ṣe funfun láti oṣù kéje. Àbúrò mi ní, "Dimtu gbìyànjú lónìí o." Kò wo ojú mi. Bàbá gbé ife dé ẹnu, ó dúró. Ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e, ó sì mu ún tán díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka nu etí ife.

"Ó ń rùn bíi koríko tútù," ló wí.

Ó dá ife náà padà fún Orge.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kọkànlá

Mo bá Orge lẹ́yìn ọgbà ẹ̀gún kí oòrùn tó le.

"Ní Ìṣẹ́gun, Orge?"

Kò ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mo ń sọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn nínú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ẹ ò ní wá ní Ìṣẹ́gun."

"O ò bẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù bà mí títí mo fi débẹ̀. Mo ń retí kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tí wọ́n fi ẹnu kan koríko yẹn, ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé ọjọ́ tó jẹ́. Ẹ ò bá gbọ́ ìró eyín wọn."

"Wọ́n á mú Dimtu lọ."

"Tẹ́ ẹ bá sọ ni. Ta ló tún rí i? Gumato ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe torí mi, kí wọ́n na èmi bó bá wù wọ́n. Bàbá ni. Ẹ rí bó ṣe mu tíì àná."

Mo ní kó má tún padà síbẹ̀. Ó búra. Mo rò pé òótọ́ ló ń sọ. Mo rò pé yóò tún lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kọkànlá

Wato ń kọjá pẹ̀lú ràkúnmí rẹ̀ mẹ́ta. Egungun ìhà wọn hàn. Ó ń darí wọn gba ẹ̀yìn òkè, ọ̀nà tó jìn, kí wọ́n má baà gbọ́ òórùn Goda. Ó juwọ́ sí mi láti òkèèrè, ó pariwo pé, "Ṣé ó kù díẹ̀?"

Mo pariwo padà pé ó kù díẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ tán, mo dúró níbẹ̀, mo mọ̀ pé màá sọ. Mi ò rò ó síwá sẹ́yìn. Mi ò kàn ní lè tún juwọ́ sí ọkùnrin yẹn.

Mo lọ bá Bàbá. Mo jókòó nísàlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Goda."

"Kì í ṣe èmi ni wọ́n rán ọ sí," ló dáhùn. "Ìpàdé ni. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n rán ọ."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ?"

"Mo mu ún."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n pé sábẹ́ igi. Wọ́n ṣàdúrà fún àlàáfíà, fún òjò, fún ẹran. Bàbá Ibrae ní kí n jíṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àgò tó dojú dé, ibi tí wọ́n jẹ dé, ẹsẹ̀ òsì tó wọ́ sínú, Ìṣẹ́gun. Ohùn mi kò gbọ̀n. Nígbà tí mo dé orí Ìṣẹ́gun, àwọn àgbà kan dáwọ́ bo ẹnu. Orge dúró lẹ́yìn, ó ní, "Èmi ni. Kò sẹ́ni tó rán mi."

Bàbá dìde. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó gbé e jáde kúrò lábẹ́ òjìji igi, ó fi í sínú oòrùn, ó jókòó síbẹ̀. Olórí ilé tó ń jẹ́jọ́ kì í jókòó láàrin àwọn tó ń dájọ́. Wọ́n pè é pé kó má wulẹ̀ jókòó sínú oòrùn, ó ní oòrùn kò ṣe òun ní nǹkan kan.

Bàbá Ibrae yí ọ̀rọ̀ náà po gan-an. Ó ní ọdún yìí kò rí bí ọdún tó kọjá. Ó ní ìyà ti pọ̀ jù, pé ewúrẹ́ kan lè ṣe é, pé arúgbó ni Bonaya, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó ń jẹ. Àwọn yòókù ń mi orí. Wọ́n fẹ́ ẹ. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ ẹ.

Láti inú oòrùn, Bàbá ní, "Wato dà?"

Wato wà lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ̀yìn ti igi. "Mo wà ńbí."

"Kí ni wọ́n mú lọ́wọ́ ẹ lọ́dún tó kọjá?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Sọ ọ́."

"Abo tó ń fún wàrà. Ọmọ mi kékeré ló ń mu wàrà ẹ̀." Wato wá dìde tán. "Ẹ gbà kó jẹ́ ewúrẹ́, Bàbá. Èmi ni mo sọ ọ́. Tí èmi ò bá bínú, ta ló tún kù?"

"Nígbà tó kàn ẹ́, ta ló dárúkọ ewúrẹ́?"

Wato wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ni, Wato?"

"Kò sẹ́ni kankan."

"Ó tán nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ẹ lọ mú un."

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n pa Dimtu láàárọ̀. Bàbá ló mú okùn rẹ̀ wá fún wọn, ó bá a sọ̀rọ̀ létí, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Wọ́n pín ẹran náà bó ṣe yẹ kí wọ́n pín in. Ilé kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré kiri pẹ̀lú ọ̀rá lẹ́nu, àgọ́ wa kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ilé ẹni tó ṣẹ̀ kì í jẹ níbẹ̀. Ẹni tó mú ìròyìn wá ló ń gba egungun ìhà.

Ilé tèmi yàtọ̀ sí ilé Bàbá. Nítorí náà wọ́n gbé egungun ìhà wá fún mi nínú abọ́.

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo fa egungun rẹ̀ mu.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kọkànlá

Orge ti lọ sí Marsabit. Wọ́n ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ó gba alùpùpù tó ń gbé ọjà. Ó kí Bàbá, Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó tutọ́ sí i láti súre fún un. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń lọ."

"Máa jẹun dáadáa."

"Kí ni mo tún fẹ́ jẹ? Òkúta?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rẹ́. "Mi ò bínú sí yín. Mo ti gbìyànjú kí n bínú, kò ṣeé ṣe. Ẹ sáà bá mi tọ́jú ọmọ Dimtu."

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kọkànlá

Ọmọ Dimtu kú. Mo ti ń fún un ní omi ìyẹ̀fun, ó ń mu ún, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Orge. Kò fèsì.

Ìyàwó Wato ń gbé ìdajì ife wàrà wá fún Bàbá láràárọ̀. Kò wọlé rí. Á gbé e sí ẹnu ọ̀nà, á wúkọ́, á lọ.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kọkànlá

Mo fi èékánná tẹ èso koríko. Omi kò jáde mọ́. Ó ti le. Gumato fẹ́ ká lọ sọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní ká dúró kó bọ́.

Wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì, wọ́n ní fọ́tò ọ̀sẹ̀ yìí dára gan-an. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kọkànlá

Ó ń bọ́. A rin ìlà. Koríko. Èso. Ilẹ̀ lásán. Èso. Èso. Koríko. Òkúta. Èso. Gumato kò kọrin, ó ń pè é jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Níbi tí Dimtu ti jẹ, kò sí nǹkan kan, ó sì lè má sí nǹkan kan níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò tóbi. Mo fi ẹsẹ̀ rìn yí i ká, kò tóbi.

Mo kọ́kọ́ sọ fún Wato, bó ṣe bẹ̀ mí. Ó jókòó sílẹ̀ lójijì, ó fi aṣọ bo ojú.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ṣí Goda lónìí.

Gbogbo àgọ́ ló wá. Ẹran tó kù kò pọ̀, wọ́n kó wọn jọ síbi òkúta funfun, àwọn darandaran na ọ̀pá síwájú wọn, wọn kò lè dá wọn dúró mọ́. Ariwo wọn pọ̀. A dúró, à ń retí, títí tí gbogbo wa fi rántí ohun tí kò sẹ́ni tó rò tẹ́lẹ̀. Ilé ẹni tó ti pápá pa ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹran ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ilé Bàbá kò ní ẹran kankan mọ́.

Bàbá Ibrae sún mọ́ ọn. "Bonaya, gba tèmi yìí, mú un ṣáájú. Mo fi yá ọ. Bó bá bímọ, tìrẹ ni kí o máa pè é, ta ló ń bi ọ́?"

"Mo dúpẹ́. Tìrẹ ni."

Wato náà fa tirẹ̀ wá, ó na okùn rẹ̀ sí i. Bàbá fọwọ́ kan ọrùn ràkúnmí náà, ó sì dá okùn padà sí i lọ́wọ́.

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi. Ó kọjá ìlà, òun nìkan, ó rọra ń rìn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́, títí tó fi dé ibi tí koríko ti dì. Ó kúnlẹ̀. A rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀ ba, ó fi ẹnu já koríko, ó sì ń jẹ ẹ́. Ọkùnrin tí ùgálì kì í dúró nínú rẹ̀. A gbọ́ ìró eyín rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ kúnná, ó gbé e mì, ó sì yíjú sí wa pẹ̀lú èso koríko nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ó ti gbó," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Ó dùn mí nígbà náà. Gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, Dimtu, ọmọ rẹ̀, Orge, ọkọ mi, ó dùn mí débi pé mo ń mí gúlegúle. Ọ̀pá Bàbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rìn lọ bá a kí wọ́n tó tú ẹran sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹ orí ba, mo já tèmi. Ó gbẹ, ó korò díẹ̀. A jọ ń jẹ ẹ́ nígbà tí àwọn ràkúnmí ń gba ọ̀tún gba òsì wa kọjá.